Ọdún Tí Tage Gbé Èrò Rẹ̀ Wá sí Gbàǹjo Ìkórè

Bí ẹ bá rí Tage Bundgaard níwájú yín ní ilé búrẹ́dì láàrọ̀ Sátidé, ẹ má tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ ra epo sí mọ́tò yín, ẹ lọ kí ẹni tí ẹ fẹ́ kí, kí ẹ tó padà wá. Ibi tí ẹ fi í sí náà lẹ ó bá a, tó ń wo búrẹ́dì dúdú, tó ń wo funfun, tó ń bi ọmọbìnrin tó ń tajà léèrè pé èwo ló kọ́kọ́ jáde nínú ààrò. Kì í ṣe pé kò lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n náà ló pọ̀ jù fún un. Ẹni tó rí ọ̀nà kan ṣoṣo á tọ̀ ọ́ délé. Ẹni tó rí mẹ́rin ni ilẹ̀ ń ṣú bá lóríta.

Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà láti oko dé oko ní Sandkær níbí, ní ilẹ̀ Denmark. Nígbà tí Tage dàgbà, ó lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Aarhus, gbogbo wa sì rò pé ó lọ nìyẹn, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ó padà. Ó fẹ́ Solveig, nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé tọ́jú àwọn arúgbó, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá ara wọn rìn fún ọdún méje. Solveig ló mú ọjọ́ ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀ fún Tage, àwọn ọmọ àwọn ni ì bá gbé òdòdó ṣáájú àwọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Tage ti fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ní ìlú kejì. Owó oṣù ń wọlé, ilé wọn kò jò, àwọn ọmọ méjèèjì ń kàwé. Síbẹ̀, nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ dá dúró. Òun nìkan, nínú yàrá kékeré tó wà lókè ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, láìsí ọ̀gá, láìsí alábàáṣiṣẹ́, kó kọ ètò kan tí àwọn ènìyàn á máa sanwó fún lóṣooṣù. Kì í ṣe èrò ló wọ́n. Èrò mẹ́rin ló ní, kò sì lè fi ọ̀kankan sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ wà fún àwọn ìjọ bíi tiwa, tí yóò máa sọ ẹni tó kàn láti yan kéèkì fún kọfí lẹ́yìn ìpàdé. Òmíràn wà fún àwọn akọrin, kí olóhùn kíkẹ̀ lè gbọ́ ohùn tirẹ̀ nìkan nílé kó tó wá fi bà wá nínú jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn tó ní ilé ìsinmi létí òkun: ta ló gba kọ́kọ́rọ́, ta ló gbálẹ̀, ta ló gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹrin kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń jẹun, nítorí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni: ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ olómi tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko, tí ìjọba sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n dà á, oko tí wọ́n dà á sí, àti bó ṣe pọ̀ tó.

Ó to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú tábìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fún wọn ní máàkì. Ọdún mẹ́fà ló fi ń fún wọn ní máàkì. Bí èyí tí kò wù ú bá gba ipò kìíní, á ní òun kò ṣírò rẹ̀ dáadáa, á tún un ṣírò. Ọjọ́ Àìkú kan tí a ń mu kọfí lẹ́yìn ìpàdé, ó fi hàn mí lórí fóònù.

Mo ní, "Tage, tíṣà tó bá ń fi máàkì kún máàkì títí ọmọ tirẹ̀ á fi gba ipò kìíní, kí là ń pè é?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa fóònù náà.

Solveig tó jókòó ti mí ní, "Bàbá Laust, ẹ bá mi bá a wí. Ká ní ọmọ ni àwọn èrò yẹn ni, wọn ì bá ti wọ ilé ìwé báyìí."

"Ìwọ ńkọ́, èwo ló wù ọ́ nínú wọn?"

"Èyíkéyìí tó bá máa jẹ́ kí ọkọ mi bá mi sọ̀rọ̀ nígbà oúnjẹ. Mo ti fún un títí di ìkórè. Tí kò bá rí ọ̀kan mú, kó gba ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kó fi gbin ọ̀dùnkún."

Ohun tó gbé Tage wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn ní oṣù kẹsàn-án. Káfíńtà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kan àga tó bá ṣẹ́ nílé àdúrà ìjọ wa, èmi náà ni mo sì ń pe ọjà, tí mo ń lu òòlù níbi gbàǹjo ìkórè lọ́dọọdún. Ó bá mi nínú ilé iṣẹ́ mi, ó bọ́ fìlà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run fi àmì hàn mí."

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí Ellen ìyàwó mi ń ṣàìsàn, àwọn ará mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá sọ fún mi pé àwọn rí àmì pé yóò dìde. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ ibi fún mi. A sin ín ní ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ṣì gba Ọlọ́run gbọ́. Ilé àdúrà ni mo ń jókòó sí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Àìkú, mi ò sì mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ àmì létí mi, mo máa ń wá nǹkan kan láti fọwọ́ mú. Ọjọ́ yẹn, mo di pákó kan mú, mo gbàdúrà pẹ̀lú Tage, mo sì ṣe àmín. Kì í ṣe àmín tó lágbára, ṣùgbọ́n àmín ni.

Bó ti dé fìlà rẹ̀ padà báyìí, ó ní, "Mo kà á níbì kan pé kéèyàn má bi àwọn ènìyàn bóyá èrò òun dára. Gbogbo wọn á ní ó dára. Kéèyàn jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpò."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa fọwọ́ kan àpò fún ohun tí o kò tíì ṣe?"

"Níbi gbàǹjo ìkórè," ni Tage wí. "Màá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé. Ẹni tó bá rà á, á lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Èyí tí owó rẹ̀ bá ga jù, òun ni màá ṣe."

Ó yẹ kí n ti dá a dúró níbẹ̀. Ọmọ Sandkær ni òun náà, ó sì mọ bí gbàǹjo wa ṣe rí. Búrẹ́dì tí èèyàn lè rà ní ọgbọ̀n kroner, irinwó la máa ń rà á. Ẹni tó rà á á dá a padà sórí tábìlì, a ó tún un tà ní ọ̀ọ́dúnrún. Ọdún kan wà tí a ta elégédé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì sùn sí ilé àdúrà nígbẹ̀yìn nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Kì í ṣe elégédé là ń rà. Àwọn míṣọ́nnárì là ń fún lówó, a kàn ń fi elégédé bo ojú ara wa ni, nítorí ènìyàn ibí kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tó ti ń ṣe oore. Gbogbo wa mọ èyí. Tage mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wá àmì fún ọdún mẹ́fà, bí o bá na ìka sókè lójijì, á wòkè.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni gbàǹjo náà bọ́ sí. Ilé àdúrà kún. Ọ̀dùnkún wà níbẹ̀ nínú àpò, ápù, oyin, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ hun, àti adìẹ kan nínú páálí tó ń bá mi lu òòlù. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni Egon Lund jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò. Egon ní ẹlẹ́dẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọdọọdún ló ń wá, á mu kọfí, kì í sì í sọ iye kankan. Nígbà tí mo bi í léèrè rí, ó ní Ọlọ́run mọ ilé òun, bí Ó bá nílò nǹkan, kó wá.

Mo gbé kábéèjì kan sókè. "Ẹ wò ó dáadáa. Orí tó wà níbí tóbi ju ti àwọn kan tí mo ń wò lọ. Ta ló ní ọgọ́rùn-ún?"

"Ọgọ́rùn-ún, tó o bá máa dákẹ́," ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ọgọ́rùn-ún, kí Laust dákẹ́. Ta ló fẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ lọ ní àádọ́jọ?"

Báyìí la ṣe ń ṣeré, ara ti gbóná dáadáa kí n tó dé orí àwọn àpòòwé Tage. Ti kéèkì lọ ní ẹgbẹ̀ta, ti akọrin ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Tage dúró lára ògiri, ó ń kọ ọ́ sórí bébà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Mo wá gbé ti kọ́kọ́rọ́ ilé ìsinmi sókè. Kò sẹ́ni tó pe iye kankan. Kò sẹ́ni tó ní ilé ìsinmi láàárín wa. Àwọn ará Copenhagen àti àwọn ará Germany ló ní wọn. Mo wo Tage. Ó ti ń ká bébà rẹ̀ kékeré kékeré. Mo wo iwájú, níbi tí Màmá Metha jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí kì í kọ̀ fún mi. Mo ṣẹ́jú sí i.

Màmá gbé ọ̀pá sókè. Ẹni tó ni ilé epo kò lè jókòó kí opó bíi Màmá fún àwọn míṣọ́nnárì lówó ju òun lọ, ló bá gbọ́wọ́ sókè. Màmá tún gbé ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ di eré, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí mo fi máa lu òòlù, ó ti di ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó kroner, ti Màmá Metha.

Nígbà tí ó kan ajílẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹnìkan ní ṣé òórùn rẹ̀ wà nínú àpòòwé náà. Kó má bàa kú sí mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi rà á ní àádọ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Tage fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò rí i kí ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi. Tí mo bá fún un lọ́jọ́ Túsìdeè kí oṣù tó parí, ìparí oṣù kọkànlá ni màá kúrò."

"Solveig ńkọ́?"

"Ó ní Màmá Metha ò ní fóònù. Mo ní kó má dán ìgbàgbọ́ mi wò."

Ohun tó wà lẹ́nu mi nìyí: èmi ni mo ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ fún ọmọ yìí pé àdúrà tí a jọ gbà, ọ̀rùlé lásán ló lọ bà? Ohun tí èmi fúnra mi ń bẹ̀rù nìyẹn, n kò sì fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Màmá Metha délé lọ́jọ́ náà.

Mo bi í pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ètò kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Èyí tí ẹ rà."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ṣẹ́jú ni? O ṣẹ́jú, mo gbé ọ̀pá. Ọdún mélòó la ti ń ṣe é bọ̀? Bó o bá ta bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ, màá rà á." Ó wo ojú mi. "Àbí o ti sọ fún ọmọ yẹn pé mo fẹ́ lò ó?"

Mo yí ìtọ́kọ̀ sí ọ̀nà ilé rẹ̀.

Màmá ní, "Laust, o ti dàgbà jù fún irú eléyìí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n tó jẹun tán, Egon kan ilẹ̀kùn. Egon tí kò wá sílé mi láti ìgbà ìsìnkú Ellen. Kò bọ́ bàtà, ó dúró sórí ẹní ẹnu ọ̀nà.

"Laust, àpòòwé ajílẹ̀ yẹn, o ṣì ní in?"

"Mo ní in."

"O ò ní ẹlẹ́dẹ̀."

"Mi ò ní."

"Kí lo wá fẹ́ fi ṣe? Àádọ́ta lo rà á. Màá fún ọ ní ọgbọ̀n."

"Egon, owó míṣọ́nnárì ni."

"Àádọ́ta tó o san ni owó míṣọ́nnárì. Èyí tí mò ń sọ yìí, èmi àti ìwọ ni. Ó ti di àlòkù."

"Ohun tí wọn ò tíì ṣe, báwo ló ṣe máa di àlòkù?"

"Ó ti sùn sílé rẹ lálẹ́ mẹ́ta." Ó yọ fìlà, ó fi nu imú. "Ṣé èèyàn lè fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin tẹ̀ ẹ́? Ṣé ó máa dá orúkọ oko mọ̀ fúnra rẹ̀, àbí kí n máa kọ ọ́? Tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ta ni màá pè?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ìgbà tí àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba wá lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun fi ń wá bébà tí òun kọ ọjọ́ sí, ìyàwó òun sì rí ọ̀kan nínú àpò ṣòkòtò tó ti fọ̀. Ó tún ní bó bá jẹ́ pé ogójì ni mo fẹ́, kí n sọ ọ́, kí òun máa lọ.

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Láti ọjọ́ Jímọ̀, ta ló ti béèrè nǹkan kan nípa ti kéèkì, tàbí ti akọrin? Ta ló béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ lè bàjẹ́ lọ́jọ́ Àìkú? Ẹni tó ń ṣàánú kì í ná ọjà. Á sanwó, á pàtẹ́wọ́, á lọ sílé. Ẹni tó bá ń fa ogójì mọ́ ọ lọ́wọ́, tó ń bu ọjà rẹ kù lójú rẹ, ẹni yẹn ló ti rí ibi tó fẹ́ gbé e sí nílé rẹ̀.

Mo ní, "Mi ò tà á. Tage ni kó o bá ná an."

"Tage? Ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi ronú iye tó máa pè." Ó dé fìlà rẹ̀. "Kí ẹ̀yin méjèèjì wá ní agogo mẹ́rin. Mo máa ń fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ ní mẹ́fà."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ sílé Tage. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa. Solveig ń bu kọfí.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí ẹ lè má fẹ́ fún mi ní kọfí mọ́. Tage, mo ṣẹ́jú sí Metha."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Níbi gbàǹjo. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí ti kọ́kọ́rọ́. Mo rí bí o ṣe ń ká bébà rẹ, mo bá ṣẹ́jú sí i. Mo bi í lánàá, kò tiẹ̀ mọ ohun tó rà."

Solveig gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín.

Tage ní, "Ṣùgbọ́n a gbàdúrà. Ẹ̀yin náà ṣe àmín."

"Mo ṣe é."

"Ṣé Ọlọ́run ò lè lo ojú yín ni?"

Mo ti rò ó títí nínú mọ́tò. "Ó lè lò ó. Ó ti lo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó mú mi ṣẹ́jú. Àánú rẹ ló ṣe mí. Bí o bá máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kó má jẹ́ torí àánú mi."

Ó bínú. Tage kì í pariwo bó bá ń bínú, nǹkan ló máa ń tò. Ó to síbí, ó to ife, ó gbé lẹ́tà náà, ó fi í sí àárín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ tábìlì fún àlejò. Mo fi í sílẹ̀ kó tò ó tán. Lẹ́yìn náà mo yọ àpòòwé ajílẹ̀, mo sọ ti Egon fún un.

"Egon wá sílé yín?" ni Solveig wí. "Egon fúnra rẹ̀?"

"Ó dúró lórí ẹní mi. Ó fẹ́ fún mi ní ọgbọ̀n."

"Ọgbọ̀n," ni Tage wí. "Ẹnìkan fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó."

Solveig ní, "Ẹni yẹn ò ní fóònù, olówó orí mi. Lọ wọ bàtà."

Nígbà tí a dé ilé Egon, páálí bàtà kan ló gbé kalẹ̀ fún wa, ó kún fún bébà tí ó ti rún. Tage kò sọ nǹkan nípa ètò rẹ̀. Ó mú bébà kan, ó mú òmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: èwo ni oko ìsàlẹ̀, kí nìdí tí ọjọ́ yìí fi jẹ́ méjì, ta ló kọ eléyìí. Ó tó wákàtí kan. Ìyàwó Egon gbé búrẹ́dì dúdú àti ẹ̀dọ̀ lílọ̀ wá, a jẹ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Egon ní, "Mi ò fẹ́ àwòrán, mi ò fẹ́ àwọ̀. Tí mo bá dà á tán, kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kó kọ ọjọ́, kó kọ oko, kó kọ iye. Tí ará ìjọba bá dé, kí n fún un ní bébà, kó máa lọ. Eélòó?"

"Ó wà nínú àpòòwé. Ọ̀fẹ́ ni fún ọdún kan."

"Mi ò fẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun ọ̀fẹ́ kì í ní ẹni téèyàn máa bú. Mo fẹ́ sanwó, kí n lè pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú kí n sì bú ọ. Eélòó lóṣù?"

Tage gbé ojú sókè wò mí. Mo wo ojú fèrèsé. N kò ní ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni mọ́.

"Igba," ni Tage wí.

"Igba? Ṣé ìwọ lo máa wá dà á sóko fún mi ni? Ọgọ́ta."

"Ọgọ́ta kò lè ra búrẹ́dì tí mo máa jẹ nígbà tẹ́ ẹ bá ń bú mi. Àádọ́jọ."

Orí mi wú díẹ̀. N kò mọ̀ pé ọmọ yìí mọ ọjà ná. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, Egon dìde lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fẹ́ lọ bá ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ó tún jókòó. Ọgọ́fà ni wọ́n parí sí, owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbá ọwọ́ wọn pọ̀ lókè tábìlì débi pé ife kọfí mi fò. Egon ní kó má sọ iye náà fún àna òun ní ìlú Lem, nítorí òun fẹ́ sọ fún un pé àádọ́jọ ni òun ń san, kó má bàa pe òun ní ahun.

Nínú mọ́tò rẹ̀, bí a ṣe kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, Tage ní,

"Mi ò ní fún ọ̀gá ní lẹ́tà yẹn lọ́la. Màá bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe ti Egon ná."

"Ó dára. Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n á dúró."

"Má jẹ́ kí wọ́n dúró, Tage. Bí wọ́n bá dúró, wọ́n á máa pè ọ́ láti yàrá òkè."

Ó pa mọ́tò síwájú ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú.

"Ti akọrin ló wù mí jù," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀. Máàkì tí mò ń tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, torí kó lè gba ipò kìíní ni. Kò gbà á rí."

"Mo mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó béèrè nípa rẹ̀, àbí, Bàbá?"

"Kò sẹ́ni kankan."

Ó mi orí. Ó wá ní, "Ṣé Egon ni àmì náà?"

Ìbá rọrùn fún mi láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Arákùnrin rere ì bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "N kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ."

Ó pa tábìlì alámáàkì rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Solveig ló sọ fún mi. Ó ní ó ṣe bí ẹni tó ń sin ajá, ó tiẹ̀ bọ́ síta lẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ bá àwọn tó ra àpòòwé mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tọrọ gáfárà pé òun kò ní ṣe é. Kò sẹ́ni tó bínú nínú wọn. Ìyẹn dùn ún ju bí wọ́n ṣe ì bá bínú lọ. Màmá Metha fún un ní bisikíìtì, ó sì bi í pé kí ló ń jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà.

Ó ti di ọdún kejì báyìí. Àgbẹ̀ mọ́kànlélógójì ló ń san owó fún un, ó fi ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran sílẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, Egon sì ń pè é bú ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ní kété tí ìsìn bá parí. Tage Ajílẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní ilé búrẹ́dì. Solveig ní òun fẹ́ ọkùnrin tó ní èrò mẹ́rin, òun wá ń bá ọ̀kan ṣoṣo gbé, òun sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ní ti èmi, mo máa ń bi Ọlọ́run nígbà míràn, bí mo bá ń kan àga nílé àdúrà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, bóyá Òun ló rán Egon sórí ẹní mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tíì dá mi lóhùn. Kò dá mi lóhùn nípa Ellen náà. Mo ṣì ń bi Í.